Bí Ara Ọkọ̀ Bá Tẹ̀ Díẹ̀: Ohun Tí A Lè Ṣe Nílé

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kéré, àmọ́ owó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2016, ọmọ kan fi kẹ̀kẹ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi nínú ọgbà wa. Ibẹ̀ tẹ̀ wọnú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀dà rẹ̀ kò sì bó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu ara ọkọ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n fi fílà dí i, wọ́n kun gbogbo ilẹ̀kùn náà. Inú mi dùn. Nígbà tí mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà lọ́dún 2019, ẹni tó fẹ́ rà á yọ òòfà kékeré lápò, ó gbé e sára ilẹ̀kùn, kò lẹ̀. Ó ní ọkọ̀ yìí ti ní jàǹbá. Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Owó tó gé lórí ọkọ̀ ju èyí tí mo fi tún un ṣe lọ.

Nítorí náà, ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Bí ọ̀dà bá ti sán tàbí tó bó tí irin hàn, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ kó tó dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibi tó tẹ̀ bá mú ṣóńṣó, tàbí tó wà létí ilẹ̀kùn.

Bọ́ńpà ló rọrùn jù, nítorí ike ló jẹ́ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ rọra da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó síbẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tì í láti ẹ̀yìn. Bó bá ti jáde, ẹ da omi tútù lé e kó lè dúró.

Ti irin gba sùúrù. Páànù ara ọkọ̀ kò nípọn tó mílímítà kan. Bí ibi tó tẹ̀ bá fẹ̀ tí kò jìn, ẹ mú rọ́bà onígi tí a fi ń tú ihò omi tó dí, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kí ẹ fà á. Bí ọwọ́ bá lè dé ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá nípa títú iná ẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ wé igi tí orí rẹ̀ rí roboto, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ láti etí lọ sí àárín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé gíláàsì sókè pátápátá kí ẹ má baà fọ́ ọ. Ẹ má fi òòlù lù ú: irin tí a lù ju bó ṣe yẹ lọ máa ń fà, kì í sì í padà sípò. Wáyà àti ohun tó ń darí airbag sì lè wà níbẹ̀.

Ní Jọ́ọ̀sì wa níbí, ẹ má ṣe é láàárọ̀ ọyẹ́. Ọ̀dà tó tutù tètè ń sán. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yá ọkọ̀ lára ná.

N kò ní kí a gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ wa o. Àwọn kan nínú wọn jókòó síbí. Bó bá di dandan kí wọ́n kùn ún, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ká ní mo ya fọ́tò ni, ǹ bá rí nǹkan fi han ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mi.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú títì.