Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì ní Kudenda

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN) bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kaduna, ìlú tí Kudenda jẹ́ ọ̀kan lára àdúgbò ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kudenda tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wo púlọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń ṣáná sí epo: bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, epo ti pọ̀ jù; bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ooru rẹ̀ sì lè ba písítìnì jẹ́. Súkúdiráfà ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe kábúrétọ̀ Peugeot 504, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́; ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń díwọ̀n epo nínú ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í sì í ṣe owó kékeré, nítorí náà ti ọ̀gá ni ọmọṣẹ́ ń lò títí yóò fi gba fírídọ̀mù, ìyẹn òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́.