Nguru: Ìlú Àkùrọ̀ ní Etí Aṣálẹ̀

Orúkọ ìlú tí a óò sọ̀rọ̀ lé lórí ní alẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa ojú irin ilẹ̀ wa. Ojú irin tí ó gbéra ní Èkó, tí ó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, dé Kánò ní 1912. Ní nǹkan bí 1930, wọ́n fa ẹ̀ka kan láti Kánò gba ìhà ìlà-oòrùn, ó lé ní 200 kìlómítà, ó sì parí sí Nguru. Ẹ̀pà àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n torí rẹ̀ fà á débẹ̀. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Yobe ni Nguru wà, kò sì jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Niger.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ibi tí ìlú náà wà yóò rò pé yanrìn nìkan ni òun yóò bá níbẹ̀. Èrò náà kò ṣàìnídìí. Òjò kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ títí di oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án ni ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún kì í sábà tó ìdajì èyí tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru a máa ré kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku Sàhárà a bo ojú oòrùn, òtútù òru a sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ará Èkó yóò máa wá aṣọ òtútù kiri.

Síbẹ̀síbẹ̀, omi ni ògo Nguru. Kì í kúkú ṣe omi òjò tirẹ̀. Odò Hadejia ń ti ìhà Kánò bọ̀, odò Jama'are ń ti òkè Jos bọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdé tí wọ́n di odò Yobe, tí ń ṣàn lọ sí adágún Chad. Nígbà tí wọ́n bá kún ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, omi a tẹ́ rẹrẹ sáàárín àwọn òkìtì yanrìn, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí fà, àgbẹ̀ a máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, a máa gbin ata àti àlùbọ́sà sí ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní àkùrọ̀ nìyẹn; fadama ni Hausa ń pè é. Apẹja ń kó àrọ̀ níbẹ̀, Fúlàní náà sì ń da màlúù rẹ̀ wá jẹ koríko tútù nígbà tí ibi gbogbo ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe tèmi ni, nítorí àwọn ẹyẹ ni ènìyàn fi yẹ kí ó rin ìrìn-àjò lọ sí Nguru. Wọ́n lé ní 300 irú. Àwọn onílé wà níbẹ̀, irú bíi lékeléke. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ni ìran àwòyanu. Bí òtútù bá ti le ní Yúróòpù àti Rọ́ṣíà, àkọ̀ funfun àti pẹ́pẹ́yẹ omi a gbéra, wọn a fò gba orí Sàhárà kọjá, àbàtà bí irú èyí ni wọ́n sì ń wá bọ̀. Ẹyẹ kan wà láàárín wọn tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ruff. Ní ìlú rẹ̀, akọ rẹ̀ a máa yọ ìyẹ́ olówó iyebíye yí ọrùn ká láti fi wu abo. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì máa rìn nínú ẹrẹ̀ bí ọ̀gbẹ́ni tí kò ní aṣọ ìyípadà. Ní Dagona, ní ìhà Gashua, wọ́n ya ibi kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Ní 2000 sì ni a kọ adágún Nguru sínú ìwé àwọn àbàtà tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò káàkiri ayé.

Ní òkè Nguru, ní ìhà Yusufari, ẹ óò rí Bulatura, níbi tí omi àti igi ọ̀pẹ ti yọ láàárín òkìtì yanrìn. Irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Manga ti ń wa káún láti ayé àtijọ́, irú káún tí a fi ń se ewédú nílé wa níhìn-ín. Ó ṣeni láàánú pé rúgúdù tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà ibẹ̀ ní 2009 ti mú kí ọ̀pọ̀ àlejò máa bẹ̀rù ọ̀nà náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n kan ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní 1974 ni wọ́n parí dáàmù Tiga ní Kánò. Ní 1992, ti Challawa tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún lé ní 2,000 kìlómítà níbùú lóròó. Láti ìgbà tí dáàmù àti ọ̀dá ti dé, kì í sábà tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Omi tí dáàmù ń jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tún fún koríko kan tí ó jọ esùsú, tí wọ́n ń pè ní Typha, láyè láti hù dí ojú odò. Ibi tí ó yẹ kí omi gbà kò gbà á mọ́. Ibi tí kò yẹ ni ó ń yà sí, oko àti ilé ni ó sì ń wọ̀. Ọ̀kan ń kígbe òǹgbẹ, ìkejì ń kígbe àkúnya.

N kò dá Kánò lẹ́bi pé ó ń mu omi. Ìlú ńlá ni, kò sì lè ṣe aláìmu. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n ṣe ìṣirò ní àwọn ọdún 1990 rí i pé èrè tí ìwọ̀n omi kan ń mú wá ní àkùrọ̀ ju èyí tí ìwọ̀n omi kan náà ń mú wá ní oko abomirin Kánò lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní alẹ́ yìí ni pé: bí a bá ń ṣí dáàmù náà sílẹ̀ dáadáa ní oṣù kẹjọ, kí odò lè kún bí ó ti ń kún tẹ́lẹ̀, kí ni Kánò yóò pàdánù, ta ni yóò sì san án fún un?