Ẹ Jẹ́ Kí A Mú Àwọn Ọmọ Lọ sí Igbó Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò le. Nígbà wo ni ẹ mú àwọn ọmọ yín rin inú igbó kẹ́yìn? N kò sọ oko o. Iṣẹ́ ni à ń bá lọ sí oko. Igbó tí a kàn lọ wò ni mo ń sọ, tí bàbá di ọmọ lọ́wọ́ mú, tí ìyá pọn èyí tó kéré.

Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà ní Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ni. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Iléṣà kò ní pẹ́ débẹ̀. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, odò Ọ̀ṣun sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Irú igi àti ewéko tó wà níbẹ̀ ju 400 lọ. Èyí tí a mọ̀ pé ó ń ṣe oògùn nínú wọn ju 200 lọ.

Mélòó ni ọmọ yín mọ̀? Ọmọ ilé-ìwé lè ka orúkọ mọ́tò mẹ́wàá fún yín, ṣùgbọ́n kò mọ ìrókò yàtọ̀ sí àràbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ni kí ẹ sọ fún un. Ẹ dúró nídìí igi. Ẹ ní kí ó fọwọ́ kan èèpo rẹ̀. Ẹ pe orúkọ igi náà, kí òun náà pè é tẹ̀lé yín. Ẹ má pariwo, ọ̀bọ wà lórí igi. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ na oúnjẹ sí wọn, nítorí ọ̀bọ lè géni jẹ.

Èèwọ̀ ni láti gé igi, láti dọdẹ tàbí láti pẹja níbẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ènìyàn ti ń rú èèwọ̀ náà. Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, òun àti àwọn ọmọ Òṣogbo ló dìde sí i. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, wà nínú wọn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ère ńláńlá tí ẹ ó rí níbẹ̀. Àdùnní kú ní 2009. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2005, àjọ UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Onígbàgbọ́ ni mí," tàbí "Mùsùlùmí ni mí, kí ni mo ń wá nígbó òrìṣà?" Ibi ìsìn ni lóòótọ́. Ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun, kó máa bọ ọ́. Ẹni tó wá rìn, kó rìn, kó ṣáà má fi ẹlẹ́sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má lọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù August bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Èrò a pọ̀ jù.

Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mu omi náà. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ ti wá tẹ Òṣogbo dó. Omi ni wọ́n ń wá. Lónìí, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà ni ẹrẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù níbẹ̀ ń fọ ilẹ̀ sínú omi. Odò náà ti pọ́n bí omi amọ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Ọmọ yóò béèrè pé ta ló bà á jẹ́. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, ẹ sọ fún un.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Owó ìwọlé wà, ẹnu ọ̀nà ni à ń san án. Kí ẹ sì gbé omi mímu dání láti ilé.