Bí Olè Bá Wọ Inú Fóònù Wa: Ẹ Má Dákẹ́, Ẹ Tètè Ti Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogboogbò ní Adó-Èkìtì

   

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò wá pé kí ni àgbàlagbà tó ka ìwé mẹ́fà péré mọ̀ nípa fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú wa rí, àti ohun tí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, la fẹ́ sọ. Ọ̀ràn náà ti ń wọ agbo wa, a ò sì lè máa wò ó níran.

Gbogbo wa la rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báǹkì àgbà ìjọba, CBN, ti kéde ní October 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó fi di January àti February 2023, owó pòórá nílùú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 3 March 2023 pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, àmọ́ tòmátì ti jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ kí ìyẹn tó dé. Ìgbà yẹn ni àwa tí à ń sọ pé owó ọwọ́ nìkan la mọ̀ gba transfer tipátipá. Láti ìgbà náà ni fóònù ti di àpò owó wa.

Ẹ rántí àwọn ìyá wa. Inú tòbí ni wọ́n ń kó owó sí, abẹ́ ìró ni tòbí sì ń wà. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó jẹ́ tú tòbí rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ pé, "Ẹ bá mi ka èló ló wà níbẹ̀." Fóònù ni tòbí wa báyìí, àmọ́ ẹ wo bí a ti ń lò ó. A gbé e fún ọmọ tó ń bá èèyàn ṣáájì, a ò tì í pa. A sọ PIN wa sókè níwájú oníbàárà mẹ́ta. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa nìyí. Ó gbà wá láàyè kí a sọ ọ́, àmọ́ a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Friday kan ló ń ti Ìkẹ́rẹ́ bọ̀ pẹ̀lú èlùbọ́ nínú takisí. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Adó, kò rí pọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ mọ́. Fóònù wà nínú rẹ̀, káàdì báǹkì náà wà nínú rẹ̀, ibì kan náà ló kó wọn sí. Ó ní kò burú, báǹkì ti tì, òun á lọ lọ́jọ́ Monday. Àwọn olè ò dúró de Monday ní tiwọn. Wọ́n yọ SIM rẹ̀, wọ́n fi sínú fóònù tiwọn. Nọ́ńbà káàdì wà lọ́wọ́ wọn, SIM tí kóòdù ń wọlé sí náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí PIN padà, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ Sunday fi ṣú. Kò gbọ́ alert kankan, torí ọwọ́ olè ni alert ń wọlé sí.

Èyí tó dùn wá jù ni pé owó èésú obìnrin méjìlá wà nínú àkáǹtì yẹn. Ojú tì í. Ó bẹ̀rù ọkọ, ó bẹ̀rù ẹgbẹ́, ó bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun ló kó owó náà jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dákẹ́. Ó ta aṣọ òkè rẹ̀, ó ta gèlè, kó lè san án fún ẹni tí èésú kàn. Ìgbà tó wá sọ fún wa, tí a sìn ín lọ sí báǹkì, wọ́n ní owó náà ti kúrò ní àkáǹtì tó kọ́kọ́ lọ tipẹ́tipẹ́, wọ́n ti gbà á jáde ní POS. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, kì í ṣe àìkàwé ló fa èyí. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Hushpuppi, ọmọ Nàìjíríà tí ọlọ́pàá mú ní Dubai ní June 2020, tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì rán lọ sẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún 11 ní November 2022. Lára ẹjọ́ rẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ àwọn lọ́yà kan ní New York. Ní October 2019, wọ́n fẹ́ san owó fún báǹkì kan. Íméèlì tí wọ́n rò pé ti báǹkì ni fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n sì san owó tó lé ní 900,000 dọ́là síbẹ̀. Àkáǹtì olè ni. Lọ́yà ni wọ́n o, àwọn tó fi ìwé kíkà ṣiṣẹ́ jẹun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtìjú pa ara rẹ̀.

Kí wá ni kí a ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

Ìkínní, ẹ kọ́kọ́ ti àkáǹtì kí ẹ tó sunkún. Ilẹ̀kùn báǹkì lè tì, àmọ́ nọ́ńbà ìpè wọn ń ṣiṣẹ́ lóru àti ní Sunday. Ẹ yá fóònù ẹni tó wà nítòsí, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n má jẹ́ kí owó jáde mọ́. Báǹkì kọ̀ọ̀kan tún ní kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ẹ béèrè tiyín lọ́la, kí ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìsọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù nìkan, àbí báwo lẹ ṣe máa rí i kà bí fóònù bá lọ?

Ìkejì, ẹ ti SIM. Láti ọdún 2023, 300 ni nọ́ńbà ìpè gbogbo iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà. Bí SIM yín bá jẹ́ ti MTN, ẹ fi MTN ẹlòmíràn pe 300. Airtel àti àwọn yòókù náà, bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín lọ sí ọ́fíìsì wọn láti gba SIM tuntun.

Ìkẹta, bí ẹ bá ní àkáǹtì méjì tàbí mẹ́ta lórí nọ́ńbà kan náà, ẹ ti gbogbo wọn. Olè tó wọ yàrá á wo ilé ìdáná pẹ̀lú.

Ìkẹrin, ẹ lọ sí báǹkì fúnra yín, ẹ mú ìwé lọ. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye owó àti àkáǹtì tí owó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan, kí ẹ mú un dání. Báǹkì yín lè kọ̀wé sí báǹkì tí owó lọ pé kí wọ́n dá a dúró, àmọ́ ìgbà tí owó bá ṣì wà níbẹ̀ nìkan ni ìyẹn wúlò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ yára. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí pẹ̀lú, kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024.

Ìkarùn-ún, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì ò dá yín lóhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, CBN ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Íméèlì wọn ni cpd@cbn.gov.ng. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín wá, ẹgbẹ́ á bá yín kọ ọ́.

Ó tún ku bí a ó ṣe máa dáàbò bo ara wa, torí olójú ò ní la ojú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ má kó káàdì àti fóònù síbì kan náà. Ẹ má fi ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí yín ṣe PIN. Ẹ ní kí ọmọ yín fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀, kí olè tó bá yọ ọ́ má lè lò ó. Ẹni tó bá pè, tó ní báǹkì lòún ti ń pè, tó ń béèrè PIN, tàbí kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, olè ni. Báǹkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀, bó ti wù kó mọ orúkọ yín tó.

Ìjọba fún àwọn kan ní 10,000 náírà TraderMoni ní ọdún 2018 lóòótọ́. Àwọn olè mọ̀ pé a rántí. Bí ẹ bá rí i lórí WhatsApp pé ìjọba ń pín owó, kí ẹ tẹ ibí yìí, kí ẹ kọ BVN síbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá bi ẹgbẹ́ léèrè.

WhatsApp fúnra rẹ̀, wọ́n ń jí i gbà. Wọ́n á ní kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan ṣì wọlé sórí fóònù yín, kí ẹ jọ̀ọ́ kà á fún àwọn. Bí ẹ bá kà á, wọ́n ti gba WhatsApp yín nìyẹn, wọ́n á sì máa fi orúkọ yín yá owó. Ẹ ní kí ọmọ yín tan two-step verification sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí alágbàtà yín bá sì fi àkáǹtì tuntun ránṣẹ́, ẹ má fi lẹ́tà dáhùn. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, àwọn tí ọmọ wọn ń bá kọ ìṣirò ọjà lórí ẹ̀ ti ń pọ̀. Kí wọ́n má ṣí àkáǹtì báǹkì lórí kọ̀ǹpútà business centre, torí a ò mọ ohun tí ẹni tó lò ó ṣáájú fi sílẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó wà nílé, kí wọ́n fi password sí i, kí wọ́n máa gba àtúnṣe tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n má sì ki flash tí wọn ò mọ ibi tó ti wá bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa pàápàá, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fi wo fíìmù mọ́, àti àwa akọ̀wé náà.

Níkẹyìn, ohun tí a bẹ̀ yín fún ni èyí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lọ́la, ẹ má bú u. Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló fà á. Ẹni tí a bá bú á dákẹ́, olè á sì rí àyè lọ. Obìnrin méjìlá tí owó wọn lọ yẹn, nígbà tí wọ́n gbọ́ òtítọ́, wọ́n fún un ní oṣù mẹ́fà láti san án, kò sì sí ẹni tó kúrò nínú èésú. Ká ní ó sọ fún wọn lálẹ́ Friday yẹn ni, bóyá kò bá má ta aṣọ òkè rẹ̀ rárá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọwọ́ wa, á ṣọ́ òógùn wa. Èkìtì á dára o. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́