Fádà Tó Kó Àwọn Agbẹ́gilére Jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

  

Ní ilẹ̀ Gíríìsì àti Rọ́ṣíà, ìjọ Kristi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ́tódọ́ọ̀sì. Nínú ìjọ yìí, àwọn àlùfáà kan a máa fi ọwọ́ ara wọn kun àwòrán Jésù àti ti àwọn ẹni mímọ́. Wọn a fi ẹfun kun pákó, wọn a po àwọ̀ mọ́ pupa ẹyin, wọn a sì máa gbàdúrà bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ère igi ni a mọ̀ jù. Nítorí náà, fádà kan tí ó fẹ́ràn ère igi ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Kevin Carroll ni orúkọ rẹ̀. Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ìjọ Àgùdà ni ìjọ rẹ̀. Ní 1947, òun àti Fádà O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

Nígbà náà, ọjà àwọn agbẹ́gilére kò tà mọ́. Àwọn ènìyàn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ta ni yóò tún ra ère? Èyí tí ó sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ni Fádà bá wá George Bándélé kàn, ọmọ Àreògún, ògbólógbòó agbẹ́gilére ará Ọ̀sì. Ní 1949, Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé.

Fádà kò yàwòrán fún wọn pé bí báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ìtàn inú Bíbélì ni ó ń sọ fún wọn. Wọ́n á wá gbẹ́ ẹ bí bàbá wọn ti ń gbẹ́ ẹ: wọ́n á kọ́kọ́ fi àáké lé ọnà kí ara ère lè hàn, wọ́n á tún un lé, wọ́n á dán an, lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ yóò fín irun àti aṣọ. Bí àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ ṣe di ọba Yorùbá nìyẹn.

Mùsùlùmí ni Lámídì o. Fádà kò ní kí ó yí ẹ̀sìn padà, bẹ́ẹ̀ ni Lámídì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn dùn. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan, àti nínú àwọn fádà pàápàá, pé òrìṣà tí wọ́n ti kó dànù ni ó tún ń wọlé. A kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tó ti dáná sun ère bàbá rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, ara rẹ̀ á bù máṣọ bó bá rí irú ojú kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Fádà rí i pé òrìṣà nìkan kọ́ ló ni ọnà: ọba ni wọ́n ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin fún. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ Fádà ló tọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1954. Fádà kò torí ìyẹn fi àwọn oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ wọn ní 1967, ó sì kú ní 1993. Lámídì di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ó kú ní 2009.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fojú rí nínú iṣẹ́ tí Fádà bẹ̀, Ìbàdàn nìkan kọ́. Ẹ gba Lẹ́kí, kí ẹ gun Third Mainland, ẹ ó dé Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul. Ibẹ̀ ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ya àwòrán 14 nípa ìrìn Jésù lọ sórí àgbélébùú fún, ní àwọn ọdún 1960. Ẹ ṣí fìlà kí ẹ tó wọlé.