Ta Ni Kí A Fa Ajá Wa Lé Lọ́wọ́?

Wọ́n ní kí a wá bá yín sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí ojú wa rí, kí ó lè ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ajá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín àwa àti aládùúgbò wa jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ní ajá kì í wá olùkọ́ kiri. Ọdẹ ló ń kọ́ ajá. Ọmọ ajá á máa tẹ̀ lé àwọn àgbà ajá lọ sí ìgbẹ́, á máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ọdẹ á sì máa fi fèrè pè é. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ìlú ti fẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe ọdẹ, a kò sì ní igbó tí a óò kó ajá lọ. Olè ni a ń bẹ̀rù tí a fi ń sin ajá. A ó ra ọmọ ajá, a ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, a ó máa ju oúnjẹ sí i, a ó sì máa retí pé kí ó dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ta ló kọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwa náà rí. Ìbàdàn ni a ń gbé. A ra ajá kan, a sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, ṣùgbọ́n tiwa yìí, a kò fi bá ẹnikẹ́ni wí, orúkọ náà kàn wù wá ni. Nígbà tí ó pé bí oṣù mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mọ́ àwọn àlejò. Kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ o. Yóò kàn máa kùn, yóò sì máa fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà wá. Ní ọjọ́ kan, a rí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n kọ sí pé, "A ń kọ́ ajá níhìn-ín." Inú wa dùn pé a rí i kà. A pe nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà wá, ó wọ aṣọ bíi ti ṣọ́jà. Ó fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù, níbi tí ajá ńlá kan ti gbé apá ọkùnrin kan há ẹnu. Ó yà wá lẹ́nu. Ó ní kí a san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, kí a fún òun ní Tanímọ̀la fún oṣù kan, pé bí ó bá padà dé, yóò máa gbọ́ràn bí ọmọ iléèwé. A béèrè bóyá a lè máa wá wò ó. Ó ní rárá, pé bí ajá bá ń rí olówó rẹ̀ kò ní kọ́ nǹkan kan. A gbà. Ibẹ̀ ni a ti ṣìnà.

Tanímọ̀la padà lẹ́yìn oṣù kan. Ó ti rù. Bí a bá gbé ọwọ́ sókè láti fi họ orí lásán, yóò lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kùn mọ́! Àlejò wọlé, kò kùn. Ọmọdé sáré kọjá, kò kùn. A sọ fún gbogbo àdúgbò pé owó wa kò gbé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ tí ilé wọn kọjú sí tiwa wá gba àwo tí ìyá rẹ̀ fi gbé ẹ̀kọ wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó fi ọwọ́ kan ajá náà lórí. Tanímọ̀la kò kùn, kò gbó. Ó kàn bù ú jẹ lọ́wọ́ ni.

Ó pẹ́ kí ó tó yé wa. Ìkìlọ̀ ni kíkùn ajá. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ má sún mọ́ mi." Ọkùnrin yẹn ti ń fi pàṣán nà án ní gbogbo ìgbà tí ó bá kùn. Ajá kò tìtorí ìyẹn fẹ́ràn àlejò. Ẹ̀rù tí ń bà á kò lọ, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo tí ó kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òun má kìlọ̀ mọ́. Bí ẹni tí ó yọ fèrè mọ́tò dànù ni, tí ó wá ń sọ pé mọ́tò náà kò lè gbá ènìyàn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà, nítorí ọmọ ṣe pàtàkì ju ajá lọ. Nígbà tí ariwo ta, àwọn kan ní kí a fi epo pupa sí ojú egbò, àwọn kan ní ata ló dára. Nọ́ọ̀sì kan tí ń gbé ládùúgbò wa ló sáré dé. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ọmọ ń ké, ó ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dìgbòlugi ni ó ń bẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Bí a bá kó 100 ènìyàn tí ó ní in jọ, ajá ló kó o ran ẹni tí ó tó 99 nínú wọn. Bí àìsàn náà bá ti fojú hàn lára ènìyàn, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè fọ ojú egbò, tí a sì tètè gba abẹ́rẹ́, a lè dènà rẹ̀. Ẹni tí ajá bù jẹ, kí ó má ṣe jókòó sílé máa wò ó bóyá yóò san.

Wọ́n béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà lọ́wọ́ wa. A kò rí i. A ti fún ọkùnrin onípátákó yẹn, kò dá a padà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Dókítà ẹran ní kí a so Tanímọ̀la mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí a máa ṣọ́ ọ, nítorí ajá tí kòkòrò dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ kì í lo ọjọ́ 10 kí àìsàn náà tó fara hàn. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn! Láràárọ̀ ni a ń jí lọ wò ó bóyá ó ń mu omi. Ìyá ẹlẹ́kọ kò dáhùn ìkíni wa. Àwọn kan ní kí a pa ajá náà, àwọn kan ní kí a tà á fún ẹlẹ́ran ajá, kí a kúkú rí owó abẹ́rẹ́ san. Ọjọ́ kọkànlá pé, ara ajá le koko. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn, ó fún wa ní ìwé tuntun. Ọmọ ajá tí ó pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ yìí, a óò sì máa tún un gbà fún un lọ́dọọdún.

Dókítà ẹran yìí kan náà ló sọ ẹni tí a óò lọ bá fún wa. Ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ lọ nìyẹn, kì í ṣe ìdí pátákó. Ní Nàìjíríà, dókítà ẹran ní láti kàwé, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn. Ti olùkọ́ ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹni tí ó bá jí lówùúrọ̀ lónìí lè pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ ajá, kò sí òfin tí yóò mú un. Ẹni tí kò bá mọ dókítà ẹran kankan nítòsí, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Kí ó lọ béèrè níbẹ̀.

Ọkùnrin kejì yìí ti bá ajá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe nítorí ìyẹn ni a fi gbà á o, nítorí pàṣán nìkan ni àwọn mìíràn mọ̀. Ajá tirẹ̀ ni a wò. A lọ sílé rẹ̀ láì mú Tanímọ̀la dání. Ajá rẹ̀ jáde wá pàdé wa, ó ń ju ìrù. Ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Jókòó." Ajá jókòó, ó ń wo ojú rẹ̀, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ajá tí wọ́n ń nà, ọwọ́ ni í máa ń wò. Á fi ìrù há abẹ́, á pa etí mọ́ orí, á máa lá ètè láì sí oúnjẹ, á sì máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Bí ẹ bá rí èyí lára ajá olùkọ́, ẹ dágbére kí ẹ máa lọ.

Ó bi wá pé, "Ta ní ń fún Tanímọ̀la lóúnjẹ? Níbo ló ń sùn? Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kúrò níbì kan, kí lẹ máa ń sọ?" Ibẹ̀ ni àṣírí wa ti tú. Ìyá wa àgbà ń sọ pé, "Kúrò níbẹ̀." Ọ̀kan nínú wa ń sọ pé, "Padà sẹ́yìn." Òyìnbó ni àwọn ọmọ ń sọ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo! Ó ní kí a mú ẹyọ kan, kí ó má gùn, kí gbogbo ilé sì máa lò ó. A bi í bóyá òyìnbó ló yé ajá jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ajá ọdẹ bàbá òun kò gbọ́ òyìnbó rí títí ó fi kú.

Kò gba ajá náà lọ sílé. Ilé wa ni ó ń wá, àwa ni ó sì ń mú ṣe é, òun a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí a gé ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú àpò. Àlejò á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí Tanímọ̀la ti lè rí i tí ẹ̀rù kò sì tíì bà á. Bí ó bá ti rí àlejò, a ó fún un ní ẹja. Àlejò lọ, ẹja tán. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, a ó jẹ́ kí àlejò padà sẹ́yìn. Kò sí pàṣán níbẹ̀. Kì í ṣe pé a gbà á láyè kí ó máa ṣe bó ti wù ú: bí ó bá fò mọ́ wa, a ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò ní rí ẹja. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ nípa ìwà ẹran tilẹ̀ sọ ní ọdún 2021 pé ọ̀nà ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni kí a máa fi kọ́ ajá gbogbo, títí kan èyí tí ń bu ènìyàn jẹ. Ní Wales, láti ọdún 2010 ni òfin ti ka ìdè ọrùn tí ń fi iná mànàmáná ta ajá léèwọ̀.

Nípa owó, ọjọ́ tí ó bá wá ni a ń san ti ọjọ́ náà. Kò ṣèlérí kankan. Ó ní òun yóò ṣe ohun tí òun lè ṣe, ṣùgbọ́n ajá yìí lè má fi ọ̀rẹ́ bá ọmọdé láéláé, nítorí náà kí a kan ilẹ̀kùn sí àárín ọgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá nígbà náà. Lónìí a mọ̀ pé olóòótọ́ ni. Ẹ bi olùkọ́ yòówù tí ẹ bá rí pé, "Bí ajá bá ṣe àṣìṣe ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe sí i?" Bí ó bá dáhùn pé òun yóò fi hàn án pé òun ni ọ̀gá, ẹ má fún un. Bí ó bá sì béèrè ìwé abẹ́rẹ́, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ fún un, kí ẹ tọ́jú ìwé gan-an sílé.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọ ajá, tirẹ̀ rọrùn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ayé. Ẹ gbé e dání, kí ó rí ọkùnrin tó wọ agbádá, obìnrin tó ru ẹrù, ọmọdé, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́. (Ti egúngún, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà.)

Ní oṣù kejì, ẹni tí ń gba owó iná wọlé wá, Tanímọ̀la sì kùn. A fẹ́ bá a wí. Ọkùnrin náà dì wá lọ́wọ́ mú, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ẹ má bá a wí o. Ó ti tún ń sọ̀rọ̀." A sọ fún agbowó iná pé kí ó dúró síbẹ̀, Tanímọ̀la fà sẹ́yìn, ó lọ sùn.

Ìyá ẹlẹ́kọ wà láàárín yín níhìn-ín lálẹ́ yìí. Ó yọ̀ǹda fún wa kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti ń kí ara wa padà. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń gba òdìkejì títì kọjá nígbà tí ó bá ń lọ sí iléèwé, a kò sì fi agbára mú un pé kí ó wá.

Ọjọ́ Sátidé ni ọkùnrin náà ń wá sílé wa, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá wo bí ó ti ń ṣe é, kí ó wá. Kí ó má ṣáà mú ajá tirẹ̀ dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́.