Oúnjẹ Ilé, Oúnjẹ Ọdún, àti Àwo Ọmọdé



Kò sí ilé kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, tàbí ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, tí kò mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ó ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn iyán àti ọkà ni ẹ̀kọ wà. Oúnjẹ ẹni tí kò rí òmíràn ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo inú ilé dáadáa, yóò rí i pé ẹ̀kọ mímu, èyíinì ni ògì gbígbóná, ni ọ̀pọ̀ ìyá ń fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tí ó kéré jù lọ nínú ilé, tí ara rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi dàgbà lójoojúmọ́, ni ó ń jẹ oúnjẹ tí àwọn àgbà kà sí ti àìrí rárá. Ọ̀rọ̀ ìdáná ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ti ojoojúmọ́ àti ti ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n orí àwo ọmọdé ni ó dá lé.

Ògì kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Àgbàdo ni, ó sì ń fún ara ní agbára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ẹran ara ọmọ le ni ó ń bá èèrí lọ. Ta ni ó sì ń jẹ èèrí? Ewúrẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ ilé fi ń pín nínú oore àgbàdo ju ọmọ ilé lọ, tí a ó sì tún máa yin ewúrẹ́ náà pé ó sanra.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń mú àwọn ọmọ kéékèèké tí oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a máa bó, wọn kì í sì í fẹ́ ṣeré mọ́. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àìsàn náà, kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Orúkọ yìí tọ̀nà. Àbúrò ti gba ọmú, ohun tí a fi rọ́pò ọmú kò sì tó.

Kì í ṣe Gánà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1956, dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọn kò dúró kí ọmọ ṣàìsàn kí wọ́n tó rí i. Wọ́n a máa wọn ìwúwo rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n a sì máa fi àmì rẹ̀ sórí káàdì kan tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Bí ọmọ bá ń dàgbà bí ó ti yẹ, ìlà orí káàdì a máa gòkè. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan, ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú rárá. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Wọ́n sì rí i níbẹ̀ pé nígbà tí èéyi bá jà, ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ni ó máa ń bá lọ jù.

Kí ni kí ìyá tí kò lówó púpọ̀ ṣe? Ẹ̀wà ni ìdáhùn, ẹ̀wà sì wà lọ́jà. Kí ó ṣa ẹ̀wà, kí ó rẹ ẹ́, kí ó bó èèpo rẹ̀, kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó yan án díẹ̀, kí ó sì lọ̀ ọ́ kúnná, kí ó pa á mọ́ sínú agolo tí ó ní ìdérí. Bí ó bá fẹ́ ro ògì ọmọ, kí ó po ìyẹ̀fun ẹ̀wà yìí mọ́ ọn, ṣíbí ẹ̀wà 1 sí ṣíbí ògì 2, kí ó jẹ́ kí ó jinná dáadáa lórí iná, kí ó sì kán epo pupa díẹ̀ sí i. Ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ náà dára, bí kò bá ti bu. Láti oṣù kẹfà ni ọmọ ti lè máa jẹ èyí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ọmú sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Bí ẹ̀wà bá sì jẹ́ oúnjẹ gbogbo ilé, kí a rẹ ẹ́ mọ́jú dípò kí a da káún sí i. Òótọ́ ni pé káún máa ń mú un rọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń ba nínú oore rẹ̀ jẹ́.

Ní ti ọbẹ̀, kí a fọ ẹ̀fọ́ kí a tó rẹ́ ẹ. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò korò, kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bọ̀ wọ́n kí a sì fún omi wọn dànù. Epo pupa tí a kò jó di funfun ń ran ojú ọmọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù kì í ṣe ti ìkòkò, ti pínpín ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, baálé ni ó ń gba ẹran tí ó tóbi, àwọn àgbà tẹ̀lé e, ọmọdé a sì fi òkèlè tọ́ omi ọbẹ̀ wò. Àwọn kan sì gbà pé ọmọ tí ó bá mọ adùn ẹran tàbí ẹyin yóò di olè. Ẹ̀kọ́ ìwà ni àwọn àgbà fẹ́ fi kọ́ ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: ta ni ó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lóru, ẹni tí ó yó ni, tàbí ẹni tí a kò fún? Adìyẹ ń yé sí ẹ̀yìn ilé. Ẹyin kan tí a sè, tí a sì fún ọmọ, kò lè sọ ilé di òtòṣì.

Ọjọ́ ọdún wá ńkọ́? Nígbà àwọn bàbá, ọ̀pọ̀ ilé kì í rí ìrẹsì jẹ àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì tàbí Iléyá, nítorí náà ni ìrẹsì ṣe gba iyì. Títí di òní, àwọn kan ń yá owó èlé nítorí àpò ìrẹsì kan, wọn a sì fi oṣù mẹ́ta san gbèsè ohun tí a jẹ tán ní ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ iṣu tuntun wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì wà. Lásìkò ọdún egúngún, ta ni kò jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ? Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọdé ń rí ohun tí ó yẹ kí ó máa rí lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Sísè rẹ̀ kò ní àṣírí. Ife ẹ̀wà 4 tó fún ilé tí kò pọ̀. Kí a rẹ ẹ́, kí a bó o, kí a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, kí a fi epo, iyọ̀ àti edé lílọ̀ sí i, kí a bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí i, kí a sì fi orógùn pò ó títí yóò fi fúyẹ́. Ewé eéran ni kí a fi pọ́n ọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ewé ni ó ń fún un ní òórùn dídùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Bíi wákàtí kan lórí iná, ó ti jinná.

Kí ìyá tí ó bá ṣí ìkòkò náà tú ewé kan kí àlejò tó dé, kí ó fẹ́ ẹ tutù, kí ó fi í sọ́wọ́ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, kí ó gbé e padà sórí iná kí ó gbóná dénú, kí ọmọ tó tún jẹ ẹ́.